Suwíìtì Tí Kò Sẹ́ni Tó Tọ́ Ọ Wò

Ọmọdé kì í tu suwíìtì dànù. Ó lè tu ẹ̀fọ́, ó lè tu oògùn ibà, ó sì lè tu ẹja tó bá ní egungun. Ṣùgbọ́n suwíìtì, bó tilẹ̀ jábọ́ sínú iyanrìn, yóò mú un, yóò nù ún mọ́ aṣọ, yóò dá a padà sẹ́nu kí ìyá rẹ̀ tó yíjú. Nítorí náà, nígbà tí Ìbùkún, ọmọ ọdún méje, tu èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sẹ́nu, tí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tu tirẹ̀, tí gbogbo ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù sì bẹ̀rẹ̀ sí tu ú bí ẹni tó he kòkòrò jẹ, Fadékẹ́mi ìyá rẹ̀ kò dúró de àlàyé. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ti hùwà ìkà nínú ilé náà.

Kó tó na ọwọ́ sí ọmọ, ọmọ ti ń bì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò ọ̀rá yẹn," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Olóyè Ezekiel Ògúnlàdé tó ni ilé-iṣẹ́ náà. "Ojú mi ló wà níbẹ̀."

Fadékẹ́mi gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kan di iwájú orí ọmọ mú, ìkejì ń gba èébì. "Olóyè, ọmọ ń bì."

"Mo rí i, ìyá wa, mo rí i. Ọ̀rá yẹn ni mo ní..."

"Ọmọ ń bì, Olóyè."

Olóyè fi ẹsẹ̀ rọra ti ọ̀rá mẹ́ta tó wà nílẹ̀ sábẹ́ káńtà.

Èrìò ni ilé-iṣẹ́ Adùn Ògúnlàdé wà, lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń lọ wo omi gbígbóná Ìkògòsì máa ń gbà. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n a ṣílẹ̀kùn fún tọmọ-tòbí. Àwọn ọmọ a wo bí wọ́n ti ń se ṣúgà pẹ̀lú omi àgbọn títí yóò fi ki, a wo bí wọ́n ti ń fà á lára ìkọ́ irin títí tó fi ń dán bí aṣọ sányán, lẹ́yìn náà wọ́n a bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń fún kálukú ní ẹ̀kúnwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Olóyè ti tẹ àwòrán ara rẹ̀, tòun ti fìlà, sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó bá ń bó suwíìtì má bàa ṣi ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀.

Fadékẹ́mi kò bá iṣẹ́ wá. Inspẹ́kítọ̀ ni lẹ́ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Adó, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìdó-Ilé, ó sì ti ṣèlérí suwíìtì fún ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, nítorí Lẹ́ńtì. Ọdún náà ni Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó fi jẹ́ pé tonígbàgbọ́ tìmàle nínú ilé-iṣẹ́ náà ló ń se adùn látàárọ̀ dalẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kan ẹnu. Àwọn òbí tí kò gbààwẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n fọ́tò ni wọ́n ń yà.

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ mú suwíìtì kan nílẹ̀. Ó fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ahọ́n náà padà, ó fi etí ìborùn nù ún.

"Kánún ni," ló wí. "Kánún gidi. Wọ́n fẹ́ fi wá se ẹ̀wà ni?"

Nọ́ọ̀sì kan tó wà láàárín àwọn òbí ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ lómi dáadáa. Àwọn mẹ́ta tó kéré jù, tí wọ́n ti gbé e mì odindi, ni ìdààmú wà lórí wọn: inú ti ń run wọn, wọ́n ń ké. Sájẹ́ǹtì Fàtáì, tí wọ́n pè láti Arámọkọ, tó sì gun ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, ní kí dẹ́rẹ́bà kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

"Bí ọkọ̀ bá ti padà," ló wí, "ó lẹ́ni tí yóò gbé lọ sí tèṣàn."

"Ta ni?" ni Fadékẹ́mi bi í.

Sájẹ́ǹtì kò mọ̀. Ṣùgbọ́n máníjà mọ̀.

*

Ọlálékan ni orúkọ máníjà, ọmọ àbúrò obìnrin Olóyè, tó ń pe Olóyè ní Dádì. Kóòtù funfun bíi ti dókítà ló wọ̀, pẹ̀lú bíírò mẹ́ta lápò àyà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i kó kọ nǹkan rí. Òun ló mú àwọn àlejò káàkiri láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òyìnbó ló ń sọ fún àwọn ọmọ, wọ́n sì ń na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀ láti wo obìnrin tó ń fa suwíìtì.

Obìnrin náà ni Sàfúrátù, alásè ilé-iṣẹ́, opó tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ó dúró sẹ́bàá ògiri báyìí, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. Ọlálékan da àpò Sàfúrátù sórí káńtà níṣojú gbogbo èèyàn. Sálúbàtà jáde, ìborùn jáde, abọ́ oníke jáde. Ohun tó jáde gbẹ̀yìn ni kánún tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé.

"Ẹ rí i báyìí," ni Ọlálékan wí. "Sájẹ́ǹtì, ẹjọ́ ti parí. Òun ló se é. Ó mọ̀ pé èmi ń gbààwẹ̀, Dádì ń gbààwẹ̀, òun gan-an ń gbààwẹ̀. Ta ni yóò tọ́ ọ wò? Ó da kánún sínú ìkòkò, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wá."

"Kí ni yóò jẹ níbẹ̀?" ni Fadékẹ́mi bi í.

"Ìgbéraga, mádààmù. Láti ìgbà tí Dádì ti ní àwòrán rẹ̀ ni yóò wà lára ọ̀rá suwíìtì tuntun, a ò gbádùn ẹ̀ mọ́."

Fadékẹ́mi wo Olóyè. Olóyè wúkọ́. "Àwọn ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Suwíìtì ni wọ́n ń pè é. Mo wá ní ká ṣe èyí tí yóò máa jẹ́ Adùn Ìyá Sàfú, kó sì máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù tuntun tí a fẹ́ ṣí ní Ìjerò." Ó tún wúkọ́. "Àwòrán tèmi ṣì máa wà lẹ́yìn ọ̀rá náà o. Kékeré."

"Ẹ̀yin, máníjà, ẹ fi kan ẹnu?"

"Èmi kẹ̀? Láti Ọjọ́rú Eléérú, kò sí ohun dídùn tó kan ahọ́n mi."

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ kí àlejò tó dé?"

"Ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ ò dé ẹ̀yìn rárá?"

"Mo ń dé ibi ìdáná. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ti ń kun àtíkè, èmi kì í wọ ibẹ̀ láéláé. Ojú fèrèsé ni mo ti ń fi han àlejò. Ó ń ba kóòtù jẹ́."

Àtíkè ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun ṣúgà tí wọ́n ń fi ra suwíìtì lára kó má bàa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Fadékẹ́mi mi orí. Ó wo kóòtù náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó funfun báláú, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ sì ń jìyà.

Ọlálékan rí i pé wọ́n ń wo kóòtù òun, inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ sì tún wù ú í sọ. "Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ba orúkọ wa jẹ́ o. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà, wọn ò ní sùúrù. Wọ́n kàn tu ú sílẹ̀ ni. Ọmọ tó bá mú un sẹ́nu díẹ̀ sí i ì bá rí i pé adùn wa ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ẹ ṣeun," ni Fadékẹ́mi wí. Ìbínú ti ń hó nínú rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dé pa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Adó mọ̀ pé ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá tutù ló yẹ kéèyàn wá ọ̀nà àbáyọ.

*

Alfa Sànúsí, tó ń ra kòkó, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Sàfúrátù tó ṣaláìsí. Kò pẹ́ tó fi dé, wọ́n ti gbé ìròyìn bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wàásù fún adití.

"Ìyàwó wa ń gbààwẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹnu tó wà nínú ààwẹ̀ kì í purọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í fi oró sóúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ò rí ètè rẹ̀ bó ti gbẹ?"

"Ẹ ṣeun, baálé mi," ni Sàfúrátù wí. Orí rẹ̀ tún tẹ̀ sí i.

Àkókò ìrun Àílà ọ̀sán tó. Alfa tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn tó wà ní àgbàlá, àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ mùsùlùmí bu omi, wọ́n ṣàlùwàlá, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Fadékẹ́mi ń wò wọ́n láti ojú ilẹ̀kùn. Sàfúrátù kò sí lára wọn. Ó ti ráyè lọ bá ìkòkò kan, ó ń fọ̀ ọ́. Ìkòkò náà ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ni Fadékẹ́mi wí, "mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ yín tó dé."

"Ẹ wà lórí ìsinmi, mà."

"Mo mọ̀. Ọmọ mi ló bì, kì í ṣe ìsinmi mi."

*

Yàrá tí wọ́n ń kó àpò ṣúgà sí ni wọ́n wọ̀. Fadékẹ́mi ti ilẹ̀kùn. Sàfúrátù kò jókòó.

"Kánún inú àpò rẹ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ fi se ẹ̀wà ìṣínu ni. Ní ọjà Èrìò ni mo ti rà á láàárọ̀."

Fadékẹ́mi ti rí i tẹ́lẹ̀. Òkúta ni kánún náà, odindi, etí rẹ̀ kò fọ́, náílọ́ọ̀nù kò sì ní ìyẹ̀fun kankan nínú. "Suwíìtì tòní, ṣé ó dáa nígbà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó dáa."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ojú Sàfúrátù ṣèèṣì lọ sí igun yàrá. Fadékẹ́mi bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpò ṣúgà tó wà ní igun, ó fa omi ọ̀rá kan jáde. Ó ti já, wọ́n ti mu ún dé ìdajì, wọ́n sì rọra ká ẹnu rẹ̀ padà. Fadékẹ́mi dá a padà síbi tó ti mú un, ó bò ó.

Omi bọ́ lójú Sàfúrátù.

"O ò kírun," ni Fadékẹ́mi wí jẹ́jẹ́. "Nǹkan oṣù ni?"

Sàfúrátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀sìn rẹ kò sì ní kó o gbààwẹ̀ tó o bá wà nínú rẹ̀."

"Kò ní kí n gbà á. Èèwọ̀ gan-an ni. N óò san án padà tí ààwẹ̀ bá parí." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo tọ́ ọ wò, mádààmù. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí tábìlì, a ò tíì gé e, kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ mi. Mo já bíńtín. Ó dùn. Bó ṣe yẹ kó dùn náà ló dùn."

"Sọ fún wọn."

"Ta ni n óò sọ fún? Baálé mi? Sájẹ́ǹtì? Àbí Máníjà yẹn, kó lọ fi òyìnbó sọ ọ́ fún àlejò? Bí n bá la ẹnu báyìí, kó tó di alẹ́, gbogbo Èrìò á ti gbọ́ pé Sàfúrátù ń jẹun nínú Ràmàdáánì. Ẹni tó mọ ìdí á dákẹ́ nítorí ìtìjú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé e kiri. Mo lọ́mọbìnrin nínú ulé, mà. Ó ti tó ulé ọkọ lọ."

"Tèṣàn ni wọ́n fẹ́ mú ẹ lọ, Sàfúrátù. Ṣọ́ọ̀bù Ìjerò ti lọ nìyẹn. Ẹni tó fún ọmọ ní májèlé ni wọn óò máa pè ọ́ títí lọ."

"Mo gbọ́."

Fadékẹ́mi dìde. Ó dojú kọ ògiri. Ta ló fi ayé sí báyìí, tí obìnrin tí kò ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, tí kò ṣẹ̀ sí èèyàn, fi ní láti yan àhámọ́ dípò kó sọ ohun tí gbogbo ìyá mọ̀? Àwọn ọkùnrin tó wà níta yẹn, gbogbo wọn ni obìnrin bí, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

"N ò ní sọ," ló wí nígbà tó yíjú padà. "Ìwọ náà má sọ. Jẹ́ n wá ẹnu mìíràn."

*

Ibi ìdáná ló lọ tààrà. Àpẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó kún fún ọsàn wẹ́wẹ́ àti èèpo rẹ̀. Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin tó máa ń kun àtíkè tó sì máa ń wé suwíìtì, jókòó lórí àpótí, ó ń sunkún díẹ̀díẹ̀ bí òjò àárọ̀.

"Kí lẹ ń fi ọsàn ṣe?"

"Omi rẹ̀ là ń fún sínú ìkòkò, mà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣúgà yóò padà di yanrìn."

"Ìkòkò tòní náà ńkọ́?"

"Wọ́n fún un sí i, mà. Èmi ni mo gé ọsàn náà fún wọn."

Fadékẹ́mi wo ẹsẹ̀ ààrò. Kò sí ọmọ Èkìtì kan tí kò tíì fi kánún àti ọsàn ṣeré lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀: bí wọ́n bá ti pàdé, hó ni. Bí kánún bá bọ́ sínú ìkòkò gbígbóná tí omi ọsàn wà nínú rẹ̀, yóò ru bí ọṣẹ, yóò kún dé ẹnu, yóò dà sórí iná. Eérú tó wà nísàlẹ̀ ààrò funfun, ó gbẹ, kò lẹ̀. Ìkòkò yìí kò ru.

A jẹ́ pé kánún kò gba inú wọlé. Ara ló lẹ̀ mọ́.

Ó fẹ́ yíjú, ó rí ọwọ́ Bọ́sẹ̀. Ìka rẹ̀ pọ́n, ó wú, awọ rẹ̀ sì ń bó.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Ó ń ta mí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè láàárọ̀, mà. Mo sọ fún Máníjà. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń dààmú mi."

"Ta ló ń po àtíkè náà?"

"Èmi ni. Àná ni mo ti po tòní, mo fi aṣọ bò ó."

Sájẹ́ǹtì Fàtáì ti dúró lẹ́yìn wọn. Bó ti gbọ́ ìyẹn, ojú rẹ̀ là. "'Èmi ni' ló wí yẹn. Ẹ gbọ́ ọ, mà. Ṣé kí n mú òun náà mọ́ ọn?"

"Sájẹ́ǹtì, ẹni tó mọ̀ pé kánún wà nínú abọ́ kì í ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ látàárọ̀ títí tí ìka rẹ̀ fi bó. Kì í sì í lọ fi ẹjọ́ ọwọ́ náà sun ọ̀gá."

Sájẹ́ǹtì ronú sí i. Lójú ọ̀nà, wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà ti padà dé: dókítà ti gba àwọn ọmọ náà, wọn óò yè.

Fadékẹ́mi mú ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin nínú àpẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó bu omi sínú ife. "Ẹ pe gbogbo wọn sí ṣọ́ọ̀bù," ló wí.

*

Wọ́n pé. Olóyè jókòó, Alfa dúró, Ọlálékan fi ẹ̀yìn ti káńtà, Sàfúrátù wà lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú Sájẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbùkún wà lórí àga, ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ bora, ojú rẹ̀ ti ń mọ́ padà.

Fadékẹ́mi fi suwíìtì kan sórí àwo. Ó gé ọsàn, ó fún un sí i. Suwíìtì náà hó ṣẹ́ẹ́ẹ́, ìfóòfó funfun bò ó.

"Kánún nìyẹn," ni ìyá àgbà wí láti ẹ̀yìn. "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Fadékẹ́mi mú òmíràn. Ó fọ̀ ọ́ nínú ife, ó fi ìka fọ̀ ọ́ dáadáa, ó gbé e sórí àwo kejì, ó fún ọsàn sí i. Omi ọsàn náà ṣàn lára rẹ̀ bí omi òjò lára páànù. Kò hó. Ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ó fún ọsàn sójú ibi tó là. Kò hó.

"Kánún ò sí nínú rẹ̀," ló wí. "Ara rẹ̀ ló wà. Ẹni tó se é kò mọwọ́mẹsẹ̀. Inú àtíkè ni ẹnì kan da kánún lílọ̀ sí, lẹ́yìn tí Bọ́sẹ̀ ti pò ó tó lọ sílé."

Ọlálékan rẹ́rìn-ín. "Mádààmù, ìdán lẹ ń pa fún wa yẹn. Ìfóòfó kì í jẹ́rìí. Ahọ́n ló ń jẹ́rìí. Ta ló tọ́ inú rẹ̀ wò? Ó ń gbààwẹ̀, gbogbo wa ń gbààwẹ̀. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan nílé yìí tó lè dúró kó ní, mo jẹ ẹ́, ó dùn."

Alfa Sànúsí yíjú sí ìyàwó ilé rẹ̀. Sájẹ́ǹtì náà yíjú sí i. Sàfúrátù gbé orí sókè. Ètè rẹ̀ là díẹ̀.

Fadékẹ́mi rí ètè náà. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì mọ iye tí yóò ná a.

Ó mú suwíìtì kan, ó fọ̀ ọ́, ó jù ú sẹ́nu ara rẹ̀.

"Mọ́mì, Lẹ́ńtì," ni Ìbùkún wí.

Fadékẹ́mi fi suwíìtì náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó yí i sí tòsì, kò kánjú. Adùn àgbọn dé ahọ́n rẹ̀ tí kò rí nǹkan láti àárọ̀, ó dùn débi pé omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ sì wá ru sókè tán.

"Mo jẹ ẹ́," ló wí. "Ó dùn."

Sàfúrátù pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ọlálékan." Kò sí 'ẹ' mọ́, kò sí 'máníjà'. "O sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ tó bá mú un sẹ́nu díẹ̀ sí i ì bá rí i pé adùn ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó mú un sẹ́nu díẹ̀ sí i. Àwọn tó tu ú, wọ́n tu ú lójú ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù, odindi ni wọ́n gbé e mì. Ìyá àgbà fi ahọ́n kàn án, ó korò. Ìwọ ò sì fi ohun dídùn kan ahọ́n rẹ láti Ọjọ́rú Eléérú. Báwo lo ṣe mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn?"

"Mo... mo rò ó ni."

"O ní inú ìkòkò ni wọ́n da kánún sí. Bó bá jẹ́ inú ìkòkò ni, inú rẹ̀ ì bá korò bí ara rẹ̀. Bá mi rò ó dáadáa."

"Dádì, ẹ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń..."

"O fẹ́ mọ̀ bóyá ó korò tó, o jù ú sẹ́nu, o mú un títí. Suwíìtì yín dùn, o ò sì lè fara dà á kí ẹnikẹ́ni rò pé kò dùn. Bọ́ kóòtù yẹn."

"Kóòtù mi kẹ̀? Kí ló kan kóòtù mi?"

"Èyí tí kì í wọ yàrá àtíkè láéláé."

Ọlálékan di kóòtù mú. Alfa Sànúsí, tó ti ń gbé àpò kòkó láti kékeré, kàn gbé ọwọ́ lé e ní èjìká, kóòtù sì bọ́. Fadékẹ́mi yí àpò ìsàlẹ̀ síta, ó na inú rẹ̀ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n rí i. Ó funfun bí ìyókù kóòtù, kò sóhun tó hàn níbẹ̀. Ó fún ọsàn tó gbẹ̀yìn sí i.

Àpò náà hó. Ó hó bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu, pẹ̀lú ọwọ́ wíwú lórí itan. "Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Máníjà," ló wí. Sájẹ́ǹtì lọ, ó sì gbé àwòrán kan bọ̀, ó tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlálékan ni, nínú agbádá, ó mú suwíìtì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká bí ojú ọ̀rá.

Olóyè wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ ni n óò fi síbẹ̀?"

"Ta ló tún kù?" ni Ọlálékan wí, ìbínú sì wà nínú ohùn tirẹ̀ náà báyìí. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ fún wọn ní gbogbo Sátidé. Èmi ni mo mọ̀wé. Ẹ lọ fi ojú alásè sára ọ̀rá. Mo ní wọn óò kàn tu ú ni, ẹ óò sì lé e. N ò ní kí ọmọ kankan gbé e mì."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ̀kan nínú wọn," ni Fadékẹ́mi wí. "Kí ló fẹ́ fi suwíìtì ṣe, tí kò bá gbé e mì? Sájẹ́ǹtì, ọkọ̀ yín ti dé."

Wọ́n mú un jáde láìsí kóòtù. Sínglẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti ya lápá.

Olóyè sún mọ́ Fadékẹ́mi. "Ìyá Ìbùkún, ẹ ṣeun. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Tí àwọn oníròyìn bá dé, ṣé a lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan ọ̀rá..."

Ojú tí Fadékẹ́mi fi wò ó mú kó rántí pé àwọn ọmọ kan wà tó yẹ kó lọ kí nílé ìwòsàn. Ó wá fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Alfa Sànúsí ló bá Fadékẹ́mi dé ẹnu géètì. Sàfúrátù ń tẹ̀ lé wọn, ó gbé àpò rẹ̀ mọ́ àyà, kánún ẹ̀wà rẹ̀ ti padà sínú rẹ̀.

"Ẹ ba ààwẹ̀ yín jẹ́ nítorí ìyàwó wa," ni Alfa wí. "Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ẹ sì wo òun náà, látàárọ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo ìyà yìí, omi kò kan ọ̀fun rẹ̀, síbẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni."

Fadékẹ́mi wo Sàfúrátù. Sàfúrátù ń wo ilẹ̀.

"Ó gbìyànjú, Alfa," ni Fadékẹ́mi wí. "Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ẹlòmíràn náà lè se ẹ̀wà lónìí."

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Suwíìtì náà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti kéré.

"Mọ́mì, ṣé ó dùn lóòótọ́?"

"Ó dùn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń bínú?"

Fadékẹ́mi bojú wẹ̀yìn wo Sàfúrátù tó ṣì ń wo ilẹ̀, ó fi eyín fọ́ ìyókù suwíìtì náà.

"Torí pé ó dùn," ló wí.